Ẹ̀rù Tó Ń Ṣáájú Àyẹ̀wò Àpò Ìtọ̀: Ohun Tí Ojú Mi Rí àti Ohun Tí Mo Kọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé kí a máa sùn. Èmi fi iná sórí òrùlé fún oṣù márùn-ún gbáko, mo sì ń sùn. Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń rí nínú ìtọ̀ mi. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Ìparí ìtọ̀ ni ó máa ń yọ, tí yóò pọ́n bí omi ìṣápá. Bí mo bá rí i lónìí tí n kò rí i lọ́la, n ó ní ó ti lọ. Nígbà tí mo wá ṣe ọkàn akin, tí mo gba ilé ìwòsàn lọ, dókítà ní àfi kí àwọn fi ẹ̀rọ wo inú àpò ìtọ̀ mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó wà láàárín ọjọ́ tí ó sọ bẹ́ẹ̀ àti ọjọ́ àyẹ̀wò. Kí n má purọ́ fún yín, ọjọ́ mẹ́sàn-án náà le ju àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ abẹ́ ni, a kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ abẹ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pẹ̀lú pé lára ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn kan wà tí irú rẹ̀ ń ṣe, tí wọ́n ń dá a gbé mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin olùkọ́ wa, nítorí bí ọkùnrin bá ṣe ń dàgbà ni ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ń di ìṣòro fún un. Èmi kì í ṣe dókítà, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni mí. Ohun tí mo fojú rí àti ohun tí mo bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè ni mo fẹ́ rò fún yín.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Abúlé wa kò jìnnà sí adágún Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí dáàmù náà, wọn kò tíì bí mi nígbà náà. Ìgbà tí mo dáyé, omi ti gba ilẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni a ti ń lúwẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni a ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti ń pẹja. Bí a bá sì rí ọmọkùnrin tí ń tọ ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti ń di géńdé. Àwọn àgbà ní orúkọ fún un: àtọ̀sí ajá. Wọ́n ní ẹni tí ó bá tẹ ibi tí ajá tọ̀ sí ni ó ń mú.

Ajá kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: àwa fúnra wa ni à ń fún ara wa ní àrùn náà. Aràn tín-ín-tín kan ni ó ń fà á. Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ rí aràn náà nínú òkú ènìyàn ní Cairo, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní ọdún 1851. Bí ẹni tí ó ní àrùn náà bá tọ̀ sí odò, ẹyin aràn á bá ìtọ̀ lọ sínú omi, á sì pa. Ọmọ rẹ̀ á wọ inú ìgbín kéékèèké inú omi, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á tún jáde, á máa wá awọ ara ènìyàn tí yóò gbà wọlé. Ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́ kò ní mọ̀. Nígbà tí aràn náà bá dàgbà, yóò fi àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ṣe ilé, yóò máa yé síbẹ̀. Ẹyin náà ní ẹ̀gún ṣóńṣó lórí. Òun ni ó ń gún ògiri àpò ìtọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ.

Òògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é. Mo lò ó ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì tún padà sínú omi. Ní yunifásítì níbí, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tún yọ, mo tún lò ó, ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni dókítà fi ní àwọn kò gbọdọ̀ máa méfò mọ́. Ẹyin tó ti wà nínú ògiri àpò ìtọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè dá egbò síbẹ̀, nígbà mìíràn ó lè di jẹjẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ yìí ni ó já mi láyà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, apẹja ni wọ́n. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ń tọ ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń mu àgbo, tí wọ́n ń ní kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìtọ̀ sé mọ́ wọn pátápátá ni a tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní bí wọ́n bá ti tètè wá ni, ọ̀ràn kò ní dà báyìí. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ wọn mú lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Nítorí náà nígbà tí dókítà ń bá mi sọ̀rọ̀, ojú wọn ni mo ń rí.

KÍ NI WỌ́N FẸ́ WÒ, KÍ NI WỌ́N FI Ń WÒ Ó?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe gbọ́ ọ. Àpò ìtọ̀ dà bí ṣááwo tí ó ń fẹ̀ tí ó ń súnkì. Kíndìnrín méjèèjì ní ń sẹ́ ìtọ̀ sínú rẹ̀. Nínú àgbàlagbà, tí ó bá gba nǹkan bí 400 sí 500 mílílítà, bí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan, ìtọ̀ á ti máa gbọ̀n ọ́n gidi. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde gùn tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà lára ọkùnrin; ti obìnrin kò ju nǹkan bí 4 lọ. Ẹran ara kan wà ní ọ̀nà náà tí ó ń fún un pọ̀, bí okùn ṣòkòtò. Òun ni a fi ń mú ìtọ̀ dúró títí a ó fi dé ibi tí ó yẹ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná àti ojú ní ṣóńṣó rẹ̀. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan le gbandi, irin ni; bí wọ́n bá fẹ́ lò ó fún ọkùnrin, wọ́n sábà máa ń fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò pa ìdí rẹ̀ kú tàbí kí wọ́n fi òògùn kùn ún lóorun. Èkejì rọ̀, ó ń tẹ̀ bí okùn, kò sì nípọn tó bírò tí a fi ń kọ̀wé. Èyí ni wọ́n lò fún mi. Ojú mi là sílẹ̀ kedere nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Kì í ṣe òní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà àtiwo inú ènìyàn láìla ikùn. Ní nǹkan bí 1806, Philipp Bozzini, dókítà ará Jámánì, fi iná àbẹ́là àti dígí ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ní 1877, Maximilian Nitze, ará Jámánì bákan náà, ṣe èyí tí ó gbé iná wọ inú àpò ìtọ̀ gan-an. Wáyà tí iná mànàmáná mú pọ́n ni iná náà, ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti máa da omi tútù yí i ká. Nígbà tí mo ka èyí, mo dúpẹ́ pé n kò gbé ayé nígbà náà. Iná tòní kò gbóná mọ́.

Nínú ìwé tí wọ́n fún mi, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì gbọọrọ kan ni wọ́n pe àyẹ̀wò náà. Bí mo bá ti ń kà á ni àyà mi ń já. Ní òru ọjọ́ kejì ni mo wá bi ara mi pé, ṣé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni èmi? Awò ni à ń pe gíláàsì ojú. Àwọn onímọ̀ wa sì ti fi ‘awò’ yìí dá orúkọ fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀. Kí ló dé tí n kò lè pe èyí ní awò àpò ìtọ̀? Mo kọ ọ́ sára ògiri yàrá mi. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni nǹkan náà ti kéré sí i lójú mi. Ohun tí ènìyàn kò mọ orúkọ rẹ̀ ni ó ń dà bí iwin. Bí a bá ti sọ ọ́ lórúkọ, ó di nǹkan tí a lè bi léèrè.

Ẹ̀RÙ MẸ́TA, KÌ Í ṢE Ẹ̀KAN

Nígbà tí mo jókòó wádìí ara mi, mo rí i pé ẹ̀rù mẹ́ta ni ó so pọ̀ mọ́ra. Èkíní ni ẹ̀rù ìrora. Èkejì ni ìtìjú, pé n ó bọ́ ṣòkòtò níwájú àwọn tí n kò mọ̀ rí, tí obìnrin sì wà nínú wọn. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rù ohun tí wọn yóò rí. Mo pín wọn sọ́tọ̀ nítorí pé òògùn wọn kò dọ́gba. Bí ènìyàn bá dì wọ́n ní ẹrù kan, kò ní lè gbé e.

Ẹ̀rù fúnra rẹ̀ sì ní ohun tí ó ń ṣe nínú ara. Walter Cannon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1915. Bí ewu bá dé, ara á múra ìjà tàbí sísá. Àwọn ẹṣẹ́ kékeré tó jókòó lé kíndìnrín lórí á da oje sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, èémí á kúrú, iṣan ara gbogbo á le. Bí ó bá jẹ́ ẹkùn ni a rí, èyí dára. Ṣùgbọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò, kò sí ibi tí a fẹ́ sá lọ. Okùn ṣòkòtò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà á fún pọ̀ gan-an, ọ̀nà tí awò fẹ́ gbà á há, ìrora á sì pọ̀ sí i. Ẹ̀rù bí ìrora, ìrora tún bí ẹ̀rù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wá ọ̀nà láti tu ara rẹ̀ lára, kì í ṣe ojo. Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú àyẹ̀wò náà ni ó ń ṣe.

OHUN TÍ MO ṢE NÍ ỌJỌ́ MẸ́SÀN-ÁN

Lákọ̀ọ́kọ́, mo padà lọ bèèrè ọ̀rọ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Mo kọ ìbéèrè mi sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé: irú awò wo ni? Ṣé n ó sùn ni? Yóò ti pẹ́ tó? Ṣé kí n gbààwẹ̀? Ìgbà wo ni èsì yóò jáde? Dókítà dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní awò tó rọ̀ ni, kò sí ààwẹ̀, kò ní pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Òun náà sì bi mí bóyá mò ń lo òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì ní kí n ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, nítorí bí kòkòrò àrùn bá wà nínú ìtọ̀, wọ́n ní láti kọ́kọ́ wò ó sàn.

Lẹ́yìn náà, mo dáwọ́ gbígbọ́ ìtàn dúró. Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́n ṣe é fún ẹnìkan ní àdúgbò àwọn tí igbe rẹ̀ dé òpópó. Nígbà tí mo bi í pé ta ni ẹni náà, ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó pa ìyókù mọ́.

Mo sì wá ẹni kan tí mo lè sọ fún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Mo rò pé wọn yóò sunkún. Wọ́n kàn ní, “Ìwọ ọmọ yìí, oṣù márùn-ún! Ọjọ́ wo ni? Màá tẹ̀lé ọ lọ.” Oorun ti mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò sùn ún rí láti oṣù mẹ́ta.

Níkẹyìn, mo ń kọ́ bí a ṣe ń mí. Ní alaalẹ́, n ó dùbúlẹ̀, n ó fa èémí sínú títí n ó fi ka mẹ́rin, n ó wá tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí n ó fi ka mẹ́fà. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n ìtújáde tó gùn yẹn a máa dẹ ọkàn tó ń sáré. Kí ènìyàn má dúró di ọjọ́ àyẹ̀wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ.

Ti ẹ̀rù kẹta ńkọ́? Èyí ni mo bá jà pẹ́ jù. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé, ohun yòówù tó wà nínú àpò ìtọ̀ mi, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó wò ó. Awò kì í dá àrùn sílẹ̀, ńṣe ni ó ń tú u fó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò sá fún awò. Àìmọ̀ pé awò wà ni. Èmi mọ̀. Bí mo bá wá sá, ẹjọ́ ta ni?

ỌJỌ́ ÀYẸ̀WÒ

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo dà bí adìyẹ tó bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Lẹ́ẹ̀mẹrin ni mo lọ tọ̀ kí wọ́n tó pè mí. Mo bọ́ ṣòkòtò, wọ́n fún mi ní aṣọ tí a ń so lẹ́yìn, wọ́n sì fi aṣọ mímọ́ bò mí mọ́lẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ nìkan ni ó hàn. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan dúró ní ìgbèrí mi.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí ló ń gbọ̀n ọ́ báyìí?”

Mo ní, “Ẹ̀rù ń bà mí ni, mà.”

Wọ́n ní, “Ó dáa tó o sọ ọ́. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ síbí tó ní ẹ̀rù ò ba òun, irọ́ ló ń pa. Kí ni oríkì rẹ?”

Ìbéèrè náà yà mí lẹ́nu. Mo ní, “Àkànní ni, mà.”

“Àkànní. Ó dáa. Èmi ni kí o máa gbọ́ o, Àkànní. Má wo ibòmíràn.”

Dókítà fi òògùn kan tí ó ń yọ̀ bí ilá sí ojú ihò ìtọ̀. Ó tutù, ó sì ta mí díẹ̀. Wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ibẹ̀ lè kú dáadáa. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú kán yín níbí yìí. Nígbà tí awò ń wọlé, kò dùn mí bí mo ṣe rò. Ó kàn ń ṣe mí bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n lójijì. Ibi tí ó le ni ìgbà tí ó dé ibi okùn ṣòkòtò. Mo fún ara mi pọ̀. Dókítà dúró, kò fipá tì í.

Màmá nọ́ọ̀sì ní, “Àkànní, ṣe bí ẹni tó fẹ́ tọ̀. Má tì í, ìwọ ṣáà dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Jó ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ. Mí sínú, Àkànní. Tú u sílẹ̀, Àkànní, ó kù díẹ̀.”

Bí mo ti ń tú èémí náà sílẹ̀ ni awò kọjá. Ìrora náà kò tó ìṣẹ́jú kan. Oríkì tí ìyá ìyá mi fi ń rẹ̀ mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun ni màmá yìí fi gbà mí lójú ogun. Nínú àwọn ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n rí i pé orin tí aláìsàn fẹ́ràn, tàbí kí ó máa wo ohun tí dókítà ń wò, a máa dín ìpayà kù. Mo gbà wọ́n gbọ́. Oríkì náà kò kúkú jìnnà sí orin.

Wọ́n da omi díẹ̀díẹ̀ sínú àpò ìtọ̀ kí ó lè fẹ̀. Dókítà wá yí ojú ẹ̀rọ sí mi, ó ní kí n wò ó bí mo bá fẹ́. Mo wò ó. Ògiri náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iṣan ẹ̀jẹ̀ wínníwínní sì wà lára rẹ̀ bí gbòǹgbò. Ní apá ibì kan, ó ní àwọ̀ bí iyanrìn etí odò. Dókítà ní ẹyin àtijọ́ tó ti gan mọ́ ògiri nìyẹn. Iyanrìn adágún Ọ̀yán ni ó wà nínú mi láti ọjọ́ yìí wá! Ìtì ẹran kékeré kan wà nítòsí rẹ̀. Wọ́n já bíńtín níbẹ̀ láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dà bí ìgbà tí èèrà bá geni jẹ. Wọ́n yọ awò. Mo bi wọ́n bóyá wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó ti parí.

LẸ́YÌN ÀYẸ̀WÒ

Ìtọ̀ àkọ́kọ́ ta mí bí ata, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì bá a wá. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, n kò fòyà. Wọ́n ní kí n mu omi dáadáa, pé láàárín ọjọ́ kan sí méjì yóò lọ, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn nǹkan tí wọ́n ní kí ènìyàn má fi jáfara ni ibà pẹ̀lú gbígbọ̀n, kí ìtọ̀ sé, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì máa jáde, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ máa pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan nínú wọn, kí ó tètè padà sílé ìwòsàn.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo fi dúró de èsì. Ẹ̀rù kẹta padà dé, èmi náà sì padà sí èémí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó bá mi lọ gbà á. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹyin àtọ̀sí ajá àti egbò tó ti pẹ́ ni. Wọ́n tún fún mi ní òògùn, wọ́n sì ní kí n máa wá fún àyẹ̀wò lóòrèkóòrè. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá tètè rí tirẹ̀, ọ̀nà àtijà á pọ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ mi ń lọ sópin. Mo bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó má dúró de ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a túbọ̀ tẹra mọ́ dídá orúkọ Yorùbá fún ohun tó wà ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe fún ìdánwò nìkan. Mo ti rí i pé orúkọ lè mú ọkàn ènìyàn balẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí mo délé fún ìsinmi, mo bá àwọn ọmọdékùnrin abúlé wa létí omi. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìgbín àti aràn fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, ó dúró, ó ń wolẹ̀. Ó ní, “Bùrọ̀dá, ṣé ó máa ń dùn, àyẹ̀wò yẹn?” Mo ní kí ó jókòó. Mo bi í pé kí ni oríkì rẹ̀.